Osùn Ara Ère Ìbejì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n fi títo ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ogun kéékèèké oníke pọ̀ ṣe ìgbafẹ́. Bí wọ́n bá kùn ún tán, yóò máa dán bí ohun tuntun. Nítorí náà, wọn a mú àtíkè àti ẹ̀bu tí àwọn obìnrin ń fi kun ìpéǹpéjú, wọn a fi búrọ́ọ̀ṣì rà á mọ́ ọn lára, kí ó lè dà bí ọkọ̀ tí eruku ti bò, tí irin rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, n kò rẹ́rìn-ín. Ère kan ni ó sọ sí mi lọ́kàn.

Ìbejì wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá. Ìwádìí Nylander ní àwọn ọdún 1960 fi hàn pé nǹkan bí 45 nínú 1,000 ìbí ni ó jẹ́ ti ìbejì. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dàgbà. Bí ọ̀kan bá kú, ìyá a tọ babaláwo lọ, a sì gbé iṣẹ́ fún agbẹ́gilére. Ère náà sábà máa ń ga tó nǹkan bí ínǹṣì 10. Kì í sì í ṣe ìkókó ni a ń gbẹ́, àgbàlagbà ni. Láti ọjọ́ náà, ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa fún un ní oúnjẹ, a máa fi osùn pa á lára, a sì máa fi ẹ̀lú kun irun rẹ̀. Osùn kan náà tí a lọ̀ lórí ọlọ, tí a fi ń pa ọmọ tuntun àti ìyàwó lára, ni.

Ní ọdún 1830, Richard Lander rí àwọn obìnrin tí wọ́n ru ère ọmọ kéékèèké ní ilẹ̀ wa. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àmì ọ̀fọ̀ ni. Nígbà tí ó yá, búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun dé láti ìlú òyìnbó, ọ̀pọ̀ ìyá sì fi í rọ́pò ẹ̀lú. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ní ọdún 1973, Marilyn Houlberg ròyìn pé àwọn ìyá mìíràn ti ń lo ọmọlangidi oníke dípò ère.

Ẹni tí ó bá mọ ère wò kì í wo ẹwà nìkan. Ibi tí ọwọ́ ti ń kọjá lójoojúmọ́, ojú àti imú, a ti jẹ dànù. Kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò dé, ẹ̀yìn etí àti abẹ́ apá, ni osùn ti dì pọ̀. Mo ti rí oníṣòwò kan tí ó ń fi osùn àti àdín ra ère tí kò tíì pé oṣù kan, tí ó sì ń fi èéfín rẹ̀ ẹ́ kí àwọn òyìnbó lè rà á bí ohun àtijọ́. Àwọn tí ń kun ọkọ̀ oníke kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀fọ̀ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ni ọkùnrin yìí ń tà.

Síbẹ̀, èmi náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Táíwò ni bàbá mi. Kẹ́hìndé rẹ̀ kò pé ọdún kan láyé. Ère rẹ̀ wà ní yàrá ìyá àgbà. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 11, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ní ilé ìwé, mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn bó o títí igi funfun fi yọ. Mo rò pé yóò yìn mí. Ìyá àgbà kò nà mí. Ó gbé e lé itan, ó ní, “Ogójì ọdún ni mo fi pa á ní osùn.” Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé ọlọ kalẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó papò dà. Ère náà wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Àwọn kan ti gbà mí níyànjú pé kí n fi osùn díẹ̀ kún un, kí àwọ̀ rẹ̀ lè jinlẹ̀. N kò ṣe é. Pupa tí ó wà lára rẹ̀, osùn ọdún mẹ́ta péré ni.