Bí Dírílù Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Wáyà

Láyé àtijọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó bá fẹ́ lu ihò sára pákó a máa fi agbára apá yí irin, títí òógùn yóò fi bò ó. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọdún 1895, ní Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì, ilé iṣẹ́ Fein ṣe dírílù oníná mànàmáná tí a lè gbé lọ́wọ́. Nígbà tí ó di 1917, Duncan Black àti Alonzo Decker, ọmọ Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí èyí tí ó ní ìdìmú bíi ti ìbọn. Síbẹ̀, wáyà dè é mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ orí ìso, títí di 1961, tí ilé iṣẹ́ wọn gbé oníbátìrì jáde: bátìrì a máa yí mọ́tò, àwọn irin eléyín a dín eré rẹ̀ kù kí agbára rẹ̀ lè pọ̀, irin ẹnu rẹ̀ a sì jẹ igi wọlé. Ní 1971, David Scott, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó rìnrìn àjò lọ sí òṣùpá, fi dírílù oníbátìrì lu ilẹ̀ ibẹ̀, níbi tí kò sí òpó iná kankan. Kí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ń gun àkàbà lónìí láìfa wáyà lẹ́yìn rántí àwọn aṣáájú wọ̀nyí sí rere, nítorí ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá.