Ta Ló Ni Ògiri Tí Òṣìṣẹ́ Ń Fẹ̀yìn Tì?

Kí iṣẹ́ ìjọba tó dé, àwọn bàbá wa ti ní ètò ọjọ́ ogbó tiwọn. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ ni owó ìfẹ̀yìntì nígbà náà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ wo bí ìjọba ṣe gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ọmọ, àti ibi tí ó bá a dé.

Ìjọba amúnisìn ló kọ́kọ́ ṣe òfin owó ìfẹ̀yìntì ní Nàìjíríà. Ọdún 1951 ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1946. Àwọn òyìnbó tó wá ṣiṣẹ́ ọba níbí ni wọ́n ní lọ́kàn jù.

Ní ọdún 1979, ìjọba ológun ṣe òfin tuntun, èyí tí a mọ̀ sí Òfin 102. Lábẹ́ òfin yìí, òṣìṣẹ́ kì í dá kọ́bọ̀. Bí ó bá fẹ̀yìn tì, ìjọba yóò fún un ní gírátúítì lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì máa san owó fún un lóṣooṣù. Ètò náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń tọ́jú owó pamọ́ fún un. Inú ìṣúná ọdọọdún ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bí àwọn tó fẹ̀yìn tì ṣe ń pọ̀ sí i ni gbèsè ń gorí gbèsè. Àwọn arúgbó ń tò sórí ìlà fún àyẹ̀wò, àwọn mìíràn sì ń ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí òfin ọdún 2004 fi dé. Òṣìṣẹ́ yóò dá ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, ìjọba yóò sì fi 7.5 mìíràn kún un. Òfin ọdún 2014 sọ ọ́ di 8 fún òṣìṣẹ́ àti 10 fún agbanisíṣẹ́. Ó jọ àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá lọ́jà, ṣùgbọ́n òfin ti ronú nípa alájọ tó lè sá lọ: ilé iṣẹ́ tó ń fi owó náà ṣòwò kọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ibo wá ni ìṣòro wà? Àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ kí ọdún 2004 tó dé ṣì ní owó àwọn ọdún àtijọ́ wọ̀nyẹn lọ́rùn ìjọba. Òfin ní kí ìjọba máa ya owó sọ́tọ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò san án déédéé. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí kí wọ́n yá bílíọ̀nù 758 náírà láti fi san gbèsè owó ìfẹ̀yìntì.

Èrò tiwa ni pé òfin yí padà, àmọ́ àìsàn kan náà ló ń bá a fínra: ẹni tó yẹ kó san owó kì í san án lásìkò. Bí ìjọba bá sì kọ̀, ọ̀dọ̀ ọmọ ni òkété ń padà sí. Púpọ̀ nínú wa ni òbí rẹ̀ yóò fẹ̀yìn tì kí a tó gba iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mọ òfin yìí, ká lè bá wọn bèèrè ẹ̀tọ́ wọn.