Ohun Tí Modákẹ́kẹ́ Kọ́ Wa Nípa Èdè Ọmọ Wa

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí: "Bí mo bá ń sọ Yorùbá sí ọmọ mi, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ní já gaara." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Púpọ̀ nínú wa ni wọ́n nà ní ilé ẹ̀kọ́ nílé nítorí pé a sọ èdè ìyá wa ní kíláàsì.

Ṣùgbọ́n ìtàn ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà níbí ṣe ìrànlọ́wọ́ owó. Kíláàsì méjì ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Kíláàsì kẹta ń ṣe bí ti àtẹ̀yìnwá: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tí ó kù.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Kò sí ìwé tó tó. Àwọn olùwádìí ni ó jókòó kọ ọ́, tí wọ́n sì ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí èsì jáde, àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ni ó ṣe dáadáa jù, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀! Ní ọdún 1977, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà fi àṣẹ sí i pé kí a máa fi èdè ìyá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọdé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò tẹ̀ lé e. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní ọdún 1990.

Kí ni èyí kàn wá sí ní Georgia? Àwa tí a ń tọ́jú aláìsàn ti rí ìyá àgbà tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ó ń wí pé, "Òòyì ń kọ́ mi, àyà mi ń lù kìkì," tí ọmọọmọ rẹ̀ dúró tì í, tí kò lè túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà. Ọmọ náà gbọ́ Spáníìṣì díẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìyẹn dára, a kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ní Athens, tí kò jìnnà sí wa, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń kọ́ Yorùbá ní Yunifásítì Georgia. Ṣé àlejò ni yóò máa kúnlẹ̀ kí ìyá wa, tí ọmọ tiwa yóò máa wò ó?

Ẹ jẹ́ kí a máa sọ Yorùbá sí wọn nínú ilé àti nínú mọ́tò. Ẹ jẹ́ kí a tún lọ bá àwọn olùkọ́ wọn, kí a yọ̀ǹda ara wa láti fi èdè àti àṣà wa han kíláàsì wọn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ire o.