Pópó Àgùdà ní Èkó

Ará Coconut ní Àpápá tí ó ń rí ọkọ̀ òkun lójoojúmọ́ lè rò pé ibẹ̀ ni èbúté Èkó ti ṣẹ̀. Rárá o, ọdún 1977 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí èbúté Tin Can tí ó wà nítòsí rẹ̀. Kí ó sọdá ọ̀sà lọ sí Erékùṣù Èkó, kí ó rìn dé Pópó Àgùdà.

Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n sì padà wálé, ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà tí wọ́n kọ́ lóko ẹrú ni wọ́n fi bu ẹwà kún Èkó. Ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà wọ̀nyí, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Ó wà níbẹ̀ di òní.

Ṣùgbọ́n ilé ìdílé Fernandez tí a kọ́ ní 1855, tí a wá ń pè ní Ilojo Bar, kò sí mọ́. Ní 1956, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án 2016, a wó o palẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ti ilé kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó lọ, ilẹ̀ gbalasa ni yóò bá. Ẹ tètè lọ wò wọ́n.