Níbo ni Ọ̀rọ̀ Ámbérì Ti Wá?

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn bí mo ti fẹ́ sọ ìtàn ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ámbérì.

Ní Ìbẹ̀fun ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a ka orí kìíní ìwé Ìsíkíẹ́lì, níbi tí wòlíì náà ti fi ohun kan tí ó rí nínú iná wé àwọ̀ ámbérì. Nígbà tí a délé, mo bi ìyá bàbá mi léèrè ohun tí ń jẹ́ ámbérì. Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n sì mú ìlẹ̀kẹ̀ ńlá kan jáde tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin. Wọ́n ní ìyá àwọn ni ó rà á ní ọjà Èjìnrìn lẹ́bàá ọ̀sà, àti pé ámbérì ni ẹni tí ó tà á pè é. Wọ́n wá ní, "Èmi kò mọ èyí tí Ìsíkíẹ́lì rí o. Orúkọ tí ọlọ́jà pè é ni mo mọ̀."

Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ìdáhùn náà jinlẹ̀.

Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ámbérì lónìí kì í ṣe òkúta. Oje igi ni. Ó ju 30,000,000 ọdún lọ tí oje ti sun lára àwọn igi kan ní apá àríwá Yúróòpù. Ó kán sílẹ̀, ilẹ̀ bò ó, ó sì le gbagidi. Ìgbì Òkun Baltic a máa gbé e wá sí èbúté. Nígbà mìíràn, a máa ń rí kòkòrò nínú rẹ̀, tí oje náà ti mú láàyè. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Bernstein, èyí ni òkúta tí ń jó, nítorí pé iná a máa ràn án.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò bá oje igi wáyé. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá. Anbar ni orúkọ tí àwọn Lárúbáwá fún ohun olóòórùn dídùn kan tí ó ń ti inú àbùùbùtán jáde sí ojú òkun, tí a fi ń ṣe lọ́fínńdà. Ọ̀rọ̀ náà gba inú èdè Látìn àti ti Faransé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Etí òkun ni a ti ń ṣa àwọn nǹkan méjèèjì, àwọn méjèèjì sì ń ta sánsán bí a bá fi iná sí wọn. Bí orúkọ kan ṣoṣo ṣe di ti ẹni méjì nìyẹn. Àwọn Faransé fi àwọ̀ yà wọ́n: wọ́n pe ọ̀kan ní ámbérì eléérú, wọ́n sì pe èkejì ní ámbérì aláwọ̀ ìyeyè. Nígbà tí ó yá, oje igi gba orúkọ náà mọ́ olóhun lọ́wọ́.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní orúkọ tiwọn fún oje igi yìí. Elektron ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí a bá fi aṣọ ra á dáadáa, a máa fa ìyàngbò mọ́ra. Ní ọdún 1600, William Gilbert, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì, mú orúkọ yìí lò fún gbogbo ohun tí ó ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀lẹ́tíríìkì ti ṣẹ̀ wá, èyí tí àwa ń pè ní iná mànàmáná.

Kí ni Ìsíkíẹ́lì wá rí? Hashmal ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú èdè Hébérù. Àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gíríìkì kí a tó bí Jésù fi elektron sí i, orúkọ tí ó jẹ́ ti oje igi yìí, tí ó sì tún jẹ́ ti wúrà tí a lú pọ̀ mọ́ fàdákà. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 mú ti oje igi. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé òde òní rò pé irin dídán ni wòlíì náà ní lọ́kàn. Nínú èdè Hébérù tí wọ́n ń sọ lónìí ẹ̀wẹ̀, iná mànàmáná ni hashmal.

Ní ọdún 1884 ni odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun Ìmágbọ̀n ti ọdún 1892, ó tàn káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọgbọ́n méjì ni àwọn atúmọ̀ èdè máa ń dá. Nígbà mìíràn wọ́n gbé orúkọ àjèjì wọlé bí ó ti wà, bíi ámbérì. Nígbà mìíràn wọ́n fi orúkọ tiwa pe ohun àjèjì, bíi òjíá. Oje olóòórùn dídùn tí àwọn amòye mú wá fún Jésù, igi Arébíà àti Sòmálíà ni ó ń sun ún. Igi òjíá tiwa, inú igbó ilẹ̀ wa ni ó wà. Ẹni tí kò rí àdàn, òòbẹ̀ ni ó fi ń ṣẹbọ. N kò dá wọn lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ kan léèrè lónìí pé kí ni òjíá. Yóò ní ẹ̀bùn àwọn amòye ni. Igi tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bọ́ lọ́kàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oje òjíá ni àbúrò ámbérì gan-an: oje igi tí ń jó, tí ń ta sánsán, tí ọjọ́ orí nìkan kù fún láti di ámbérì. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ní èdè wa ni a ti fi orúkọ rẹ̀ tọrẹ.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìyá bàbá mi ńkọ́? Lẹ́yìn tí wọ́n papò dà, àwọn ẹbí ṣí àpótí. Àwọn kan ní owó ńlá ni ámbérì, ẹ jẹ́ kí a tà á. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a kọ́kọ́ dán an wò. Mo po iyọ̀ púpọ̀ sínú omi, nítorí ámbérì a máa léfòó nínú omi iyọ̀ líle, oje òjíá pẹ̀lú a sì máa léfòó. Ìlẹ̀kẹ̀ náà rì. Láti ọdún 1909 tí Leo Baekeland gba ìwé àṣẹ lórí bakeláìtì ni irú ohun àfọwọ́ṣe bẹ́ẹ̀ ti wà, wọ́n sì fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí a tà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní orúkọ ámbérì. Ó jọ pé ọ̀kan nínú wọn ni tiwa.

Ilé pa rọ́rọ́. Àbúrò bàbá mi obìnrin wá bi mí pé, "Ṣé ìyá wa parọ́ fún wa ni?"

Mo ní rárá o. Orúkọ tí ọlọ́jà pè é ni wọ́n sọ fún wa, wọn kò sì fi kún un. Ìlẹ̀kẹ̀ náà padà sínú àpótí, àwọn ìyàwó ilé wa sì ń lò ó títí di òní.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ má kàn kọ orúkọ sínú ìwé. Ẹ ní kí àwọn àgbà mú yín dé ìdí igi òjíá, kí ẹ fọwọ́ kan oje rẹ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n bá lọ tán, orúkọ nìkan ni yóò kù sí wa lọ́wọ́.