Ṣé Rírù Ni Ká Pè É?

Bí wọ́n bá sọ fún òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan ní Sango-Ọ̀tà pé, "Ẹ mà ti rù o," àyà rẹ̀ á já. Wọ́n ti ń rò pé ara rẹ̀ kò yá nìyẹn, tàbí pé owó oṣù kò wọlé. Ẹni tó sanra ni wọ́n ń yìn pé ó jẹun kánú. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti le fún ẹni tó fẹ́ sọ áàpù ìdín-ọ̀rá-kù di Yorùbá: ohun tí áàpù náà ń polówó ni aládùúgbò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má fi ṣe òun.

Ẹ jẹ́ kí "rírù" lọ. "Kí ara fúyẹ́" ti wà lẹ́nu àwọn ìyá ọjà. Ó tọ́ sójú fóònù.

"Ìsanrajù" náà dára. "Jù" ìparí rẹ̀ ló ń báni wí, "sanra" sì wà nínú ọlá rẹ̀. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60, tó sì wọn kílò 80, yóò rí 31 lójú áàpù: kílò rẹ̀ ni wọ́n fi gíga rẹ̀ pín lẹ́ẹ̀mejì. Quetelet, ará Belgium, ló ni ìṣirò yìí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìsanrajù bẹ̀rẹ̀ láti 30. Ẹni tó wà láàárín 25 sí 30 ńkọ́? "Ìtẹ̀wọ̀njù" lè gbé e.

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ dídá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984, Ọládélé Awóbùlúyì ṣe ti kejì ní 1990. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n gbájú mọ́, kì í ṣe ìlera. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe dá "amóhùnmáwòrán" kò ní í pẹ́ dá "akàṣísẹ̀" fún ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀. Àwọn ará Japan fi iye kún ti wọn: ní 1965 ni wọ́n gbé "manpo-kei" jáde, èyí tó ń ka ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Orúkọ ọjà ni 10,000 yẹn kó tó di òfin lẹ́nu aráyé.

Kálórì kò nílò orúkọ tuntun. Kílò ṣáà ti di tiwa. Ìṣòro rẹ̀ wà ní búkà. Síbí ni wọ́n fi ń bu ìrẹsì níbẹ̀, wúràpù ni wọ́n fi ń ka fùfú, áàpù sì ń béèrè gráàmù! Kó kọ wúràpù kan síbẹ̀, kó sọ kálórì tó wà nínú rẹ̀.

Ìkíni tún wà ńbẹ̀. Bàbá kan dúró ti ẹ̀rọ mọ́jú, fóònù wá ń sọ fún un pé, "O kò rìn tó lónìí." Ta ni fóònù ń pè ní "o"? "Ẹ kú iṣẹ́ òru o, ó ku díẹ̀ kí ìrìn òní pé" ni kó sọ. Áàpù tó bá sì ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà tuntun ní aago méjìlá òru ti gé iṣẹ́ bàbá yìí sí méjì, apá kan fún àná, apá kan fún òní. Ọ̀rọ̀ "òní" yẹn, olùtúmọ̀ àti ẹni tó ṣe áàpù ní láti jọ jókòó lé e lórí.