Ìwà Lẹwà Ọkọ̀: Ìtàn Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Corvair

Àwọn baba wa ló sọ pé ìwà lẹwà. Ènìyàn ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo ti ń ronú lórí àwọn ohun tí ọmọ aráyé ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ ènìyàn nìkan. Ilé ní ìwà. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ni a ń mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ náà ní ìwà. Bí ọkọ̀ bá dúró, ẹwà ara rẹ̀ ni à ń rí: ọ̀dà tó ń dán, gíláàsì tó mọ́ gaara, ìrísí tó rẹlẹ̀ bí ẹkùn tó ba. Ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ wà níbi tí ojú kì í tètè dé, ní abẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì àti àwọn irin tó gbé táyà dúró. Àwọn mẹkáníìkì wa kò ṣì í pè nígbà tí wọ́n pe gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ní ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ọkọ̀ kan wà tí ìtàn ẹsẹ̀ rẹ̀ kópa nínú yíyí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà padà. Corvair ni orúkọ rẹ̀. Chevrolet, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka General Motors, ló gbé e jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1959, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ti ọdún 1960. Ed Cole ni ọ̀gá tó ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ní àkókò tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà tóbi gbàǹgbà, tí ẹ́ńjìnnì wọn sì máa ń wà níwájú, Corvair kéré, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ló sì ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára dípò omi. Ìwé ìròyìn Motor Trend fi oyè ọkọ̀ ọdún dá a lọ́lá ní 1960. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe Monza, Corvair onílẹ̀kùn méjì tó rí bí ọkọ̀ eré, tí àga iwájú rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò pẹ́ rárá tí Monza fi gba ọjà mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Kí wá ni ó ń ṣe ọkọ̀ tó wuni tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ kí a wo abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Corvair, láti 1960 títí di 1964, jẹ́ irú èyí tí ń fì bí ìyẹ́ ẹyẹ. Táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tirẹ̀ tó gbé e, ọ̀pá náà kò sì ní ju oríkèé kan ṣoṣo lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí jíà ní àárín ọkọ̀. Kò sí oríkèé kankan nítòsí táyà. Nítorí náà, bí ìdí ọkọ̀ bá gbéra sókè, ìsàlẹ̀ táyà méjèèjì yóò máa wọ abẹ́ ọkọ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ rọ́ ní ọrùn ẹsẹ̀.

Bí awakọ̀ bá fi eré wọ kọ́nà, táyà ẹ̀yìn tó wà ní ìhà òde ni ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn. Bí ó ti ń du àtidi ilẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti ìdí ọkọ̀ sókè; bí ìdí ti ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni táyà ń ṣẹ́ sábẹ́, títí tó fi kù díẹ̀ kó jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ló kan títì. Bí ẹ̀rù bá wá ba awakọ̀, tí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ lójijì, ìwúwo ọkọ̀ yóò sún síwájú, ìdí yóò tún fúyẹ́ sí i. Ìdí ọkọ̀ lè fẹ́ gba iwájú lọ nígbà náà. Ẹni tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa lè gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ògbóǹtarìgì nìkan ni wọ́n ta ọkọ̀ náà fún.

Kí n má purọ́ mọ́ Corvair: òun kọ́ ló dá irú ẹsẹ̀ yìí sílẹ̀. Edmund Rumpler, ọmọ ilẹ̀ Austria, ti gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ láti ọdún 1903. Mercedes 300SL ti ọdún 1954, ọkọ̀ eré onílẹ̀kùn méjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè bí apá ẹyẹ, ní irú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣe èyí tí kò ní òrùlé ní 1957, wọ́n rẹ oríkèé náà sílẹ̀ kí ìwà ọkọ̀ lè tutù. Volkswagen tí a sọ ní Ìjàpá nílẹ̀ wa, ọkọ̀ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba láyé ọjọ́sí, irú ẹsẹ̀ yìí ni òun náà fi rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kéré, eré rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Corvair wúwo jù ú lọ, ó sì yára jù ú lọ.

Èyí tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé oògùn àrùn náà kò ṣòro í rí. Èkíní ni ọ̀pá irin kan tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì pọ̀ níwájú. Ọ̀pá yìí máa ń jẹ́ kí iwájú gba púpọ̀ nínú ẹrù kọ́nà, kí ẹ̀yìn lè sinmi. Èkejì ni sípíríǹgì pẹlẹbẹ kan tí a gbé dábùú sábẹ́ ẹ̀yìn, tí kì í jẹ́ kí táyà méjèèjì wọ abẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Chevrolet kò fi ọ̀kankan nínú méjèèjì sára Corvair ti 1960. Afẹ́fẹ́ táyà ni wọ́n gbójú lé: ìwé tó bá ọkọ̀ wá ní kí a fi òṣùwọ̀n 15 sí táyà iwájú, kí a sì fi 26 sí ti ẹ̀yìn. Ta ni yóò máa rántí? Ọmọdé tó ń ta epo lẹ́bàá títì, tó ń fẹ́ táyà fún gbogbo ọkọ̀ bákan náà, ṣé ó ka ìwé yẹn ni?

Ní 1962, wọ́n fi ọ̀pá iwájú náà kún ohun tí oníbàárà lè san àfikún owó lé. Ilé iṣẹ́ EMPI ní California, tó ń ṣe ẹ̀yà ara fún Volkswagen, ń ta irin àtúnṣe fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Corvair pẹ̀lú. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó mọ̀ tó sì lówó rí ààbò rà. Ẹni tí kò mọ̀ ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ní 1964 ni ọ̀pá iwájú àti sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó wá di ti gbogbo Corvair láìsan àfikún. Ní 1965, wọ́n fi oríkèé méjì sí ọ̀pá ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan, táyà sì ń dúró ṣánṣán. Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú ilé nígbà tí iná ń jó ńkọ́?

Ọdún 1965 yìí náà, ní òpin oṣù kọkànlá, ni agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan, Ralph Nader, tẹ ìwé rẹ̀ jáde, Unsafe at Any Speed. Corvair ni orí kìn-ín-ní ìwé náà dá lé. General Motors kò fèsì pẹ̀lú ìwé. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n gbà pé kó máa tọ ipa ọkùnrin náà. Àṣírí tú. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1966, James Roche, ààrẹ ilé iṣẹ́ náà, tọrọ àforíjì níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó fún ìjọba àpapọ̀ ní agbára láti pàṣẹ ààbò fún àwọn tó ń ṣe ọkọ̀. Ní 1970, General Motors san dọ́là 425,000 fún Nader láti parí ẹjọ́ tó pè wọ́n. Corvair alára ti kógbá sílé ní oṣù karùn-ún ọdún 1969.

Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ní 1972, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ojú pópó gbé àbájáde ìwádìí jáde. Wọ́n ní Corvair ti 1960 sí 1963 kò léwu ju àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ìgbà náà lọ. Àwọn olólùfẹ́ Corvair gbé ìwé yìí dání títí dòní gẹ́gẹ́ bí ìdáláre. Èmi kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn purọ́. Ìbéèrè wọn ló yàtọ̀. Àjọ náà ń bèèrè pé: ǹjẹ́ ó burú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ? Nader ń bèèrè pé: ǹjẹ́ ó dára tó bí àwọn tó ṣe é ti mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹni tó bá ń fi ẹgbẹ́ wọn ara rẹ̀ lè gba ìdáláre, kó má sì tíì ṣe ojúṣe rẹ̀.

Lónìí, Monza àtijọ́ ti di ohun ìṣúra. Àwọn tó ní i máa ń tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, iṣẹ́ náà sì ní ètò. Rọ́bà tó ti gbó ni à ń kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí kò sí irin tuntun tó lè ràn oríkèé tó ń mì lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá iwájú, kí sípíríǹgì pẹlẹbẹ ẹ̀yìn tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣọ́ọ̀kì tó le àti táyà ayé òde òní. Àwọn mìíràn a tún rẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí orí táyà lè fì sínú, kó lè pẹ́ kó tó ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sáré lọ fi ọ̀pá asopọ̀ tó le sí ẹ̀yìn, nítorí pé ó rí i lára ọkọ̀ eré mìíràn, iná ni ó ń da epo sí: ẹrù tí kò yẹ kí ẹ̀yìn rù ni ó tún gbé lé e lórí. Àtúnṣe tí kò mọ ìdí àléébù, àléébù kejì ni.

Èwo ni tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí? Nílẹ̀ wa, bí jàm̀bá bá ṣẹ̀, awakọ̀ ni à ń kọ́kọ́ wò, bí kò bá sì jẹ́ awakọ̀, a ó ní ọwọ́ ayé ni, tàbí pé Ògún ń bínú. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ìwà awakọ̀ ni pàtàkì ohun tí wọ́n gbé ogun tì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Corvair kọ́ wa pé ọkọ̀ náà ní ìwà tirẹ̀, àti pé ẹni tó ṣe é, ẹni tó tún un ṣe, àti ẹni tó tà á ní ipa nínú ìwà yẹn. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òfin ni ó ń bá a gbẹ́ ẹ.

Irinṣẹ́ tí kò ní pa ènìyàn lára àfi bí gbogbo ènìyàn bá ń rántí ohun gbogbo nígbà gbogbo, iṣẹ́ ṣì kù lára rẹ̀. Ènìyàn a máa gbàgbé, òjò a máa rọ̀, ẹ̀rù a sì máa bani. Ẹni tó bá ń ṣe ohun tí ẹlòmíràn yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó ṣe é fún ọjọ́ tí nǹkan kò bá lọ déédéé. Ọjọ́ yẹn ni à ń mọ ìwà ọkọ̀, ọjọ́ yẹn náà ni à ń mọ ìwà ẹni tó kàn án.